Bí A Ṣe Lè Padà Sí Eré Ìdárayá Lẹ́yìn Àìsàn

Ẹni tí ibà tàbí iṣẹ́ abẹ dá dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti dúró, nítorí iṣan ara máa ń rọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a kò bá lò ó. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè ohun tí ara yín lè gbà, lẹ́yìn náà kí ẹ máa rin ìṣẹ́jú 10 kí oòrùn Kétu tó mú. Èmi a máa gba ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dìde lórí àìsàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fara ti ògiri amọ̀ rẹ̀ kí n tó mí délẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ń ru ẹrù lọ sí ọjà kí mi kú ìrìn, ìkíni yẹn ni ó sì mú mi jáde lọ́jọ́ kejì.

Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń rìn ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìwọ̀n náà tọ́. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún eré ìdárayá tó wà ní ìwọ̀n yẹn, ó kéré tán. Ẹ má sáré dé ibẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ni kí ẹ máa fi kún un.

Bí àìsàn bá padà dé, ẹ sinmi, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Ẹni tí ìrìn bá sú lè fi ijó àjólàágùn nínú àgbàlá rọ́pò rẹ̀.