Aboyún tó fẹ́ ṣe eré ìdárayá, ẹ má fi owó yín jóná

Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní kílíníìkì. Agbẹ̀bí ni mí. Ìyá Ẹ-Dìde-Ẹ-Rìn ni àwọn aboyún wa ń pè mí, wọ́n sì máa ń sín ìrìn pẹ́pẹ́yẹ mi jẹ bí mo bá ti kẹ́yìn. Ẹ máa sín in. Bí dókítà bá ti ní ibi ọmọ yín dí ọ̀nà, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Tirẹ̀ ni kí ẹ gbọ́. Ẹ̀yin yòókù, àwọn ohun tí kò yẹ kí ẹ fi owó tàbí agbára yín ṣòfò lé lórí nìyí:

1. Ẹrù rírà. Bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu ti tó. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti ra treadmill, ẹ̀rọ tí wọ́n ń rìn lórí ẹ̀ nínú ilé, olówó gọbọi. Ìlédìí ọmọ ni wọ́n ń sá sórí ẹ̀ báyìí.

2. Aago tó ń ka ìlù ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ara aboyún máa ń fi nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú 100 pọ̀ sí i, ọkàn ti ń sáré kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ rárá. Aago ò mọ èyí. Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀, àmọ́ tí orin ò ṣeé kọ, ó dáa bẹ́ẹ̀.

3. Fífẹ̀yìn lélẹ̀ ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin: ẹ má dán an wò.

4. Sísáré ní ìdájí pẹ̀lú inú òfìfo, kí ẹ wá fi malt tutù parí ẹ. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú!

Ẹ wò ó, ibi ọmọ kì í jókòó lásán. Ó ń pèsè họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tó ń pàṣẹ fún ara; human placental lactogen wà lára wọn. Òun àti họ́mọ̀nù méjì mìíràn, progesterone pẹ̀lú cortisol, ni kì í jẹ́ kí ínsúlínì ìyá, èyí tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ráyè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kí ṣúgà lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, kó kan ọmọ. Bí oyún ṣe ń dàgbà ló ń le sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ ṣúgà wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ara ìyá á máa pèsè ínsúlínì kún un. Bí agbára rẹ̀ ò bá ká a, ìtọ̀ ṣúgà inú oyún dé nìyẹn.

Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ kì í dúró de ínsúlínì. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń lọ, iṣan itan á máa fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà wo wá ni ṣúgà pọ̀ jù níbẹ̀? Ẹ̀yìn oúnjẹ ni! Ẹ jẹ àmàlà tán, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ní ìdájí, ọmọ ti fi gbogbo òru jẹ nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ṣúgà ti wálẹ̀, ara ti ń jó ọ̀rá. Ẹ wá ń sáré lé e. Òòyì ò ní ṣàì kọ́ yín.

Ìyàwó kan gbé èsì àyẹ̀wò wá, ṣúgà rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ga. Ó búra pé òun ń rìn lójoojúmọ́. Mo ní, "Ìyàwó mi, kí lo máa ń mu tí o bá dé?" Ó ní, "Malt méjì ni, mà. Mo máa ń bu gúlúkóòsì sí i, kí ọmọ lè lágbára." Mo dákẹ́, mo mu omi tèmi. A gbé ìrìn rẹ̀ sẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a lé malt dànù, ṣúgà náà sì wálẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa rí bẹ́ẹ̀ fún o; àwọn mìíràn máa nílò abẹ́rẹ́ ínsúlínì, ìrìn ò sì lè rọ́pò rẹ̀.

"Ènìyàn méjì ni mò ń jẹun fún" náà ń kó báni. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oúnjẹ ò ní àfikún kankan. Ní ìparí oyún, nǹkan bí kálórì 450 lójúmọ́ ni àfikún náà.

Òmíràn ni kíkó gbogbo ìrìn ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́ Sátidé. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ìrìn ṣe fún ṣúgà kì í pẹ́ lára. Ẹ pín in.

Tíì tó ń fani tẹ́ẹ́rẹ́: ẹ dà á nù.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tí omi bá ń jò, tí àyà ń dun yín, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú tó ń ro yín, ẹ dúró, ẹ máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹ má kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.