Ọmọ ejò tí ò fẹ́ jẹun: ẹ fi í sílẹ̀ ná

Tẹ́ ẹ bá ń sin ejò nílé, ọmọ ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, tó tín-ín-rín bí okùn bàtà, òun ló máa ń dá èèyàn lágara jù. Ẹ gbé ọmọ eku síwájú ẹ̀, á kàn yẹra, àyà yín á wá máa já. Kó tó bọ́ awọ àkọ́kọ́, bí ọjọ́ 7 sí 10, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, oúnjẹ inú ẹyin ṣì wà nínú ẹ̀, omi ni kẹ́ ẹ fún un.

Àpótí ńlá tẹ́ ẹ rò pé ẹ fi ṣe é lóore yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á níbẹ̀. Ike kékeré tó lómọrí, tẹ́ ẹ lu ihò sí lára, tíṣù pépà nísàlẹ̀, nǹkan tó lè wọ abẹ́ ẹ̀ kó há mọ́ ọn, abọ́ omi, ó tán. Kí apá kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 29°C fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kí apá kejì tutù díẹ̀, torí oúnjẹ ò lè dà nínú ejò tí ara ẹ̀ tutù. Ẹ má sì máa gbé e jáde fi ṣeré o.

Òkú ọmọ eku inú firísà, èyí tí ò tíì hu irun, tí ò nípọn ju àárín ejò náà lọ, ẹ fi sí nylon, ẹ rì í sómi gbígbóná títí dìdì inú ẹ̀ á fi yọ́ (ẹ má gbé e sí microwave, á bẹ́ ni). Tó bá di alẹ́ ẹ gbé e tì í, ẹ dé e, ó di àárọ̀. Ẹ má yọjú! Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣí i wò rí, ìdajì eku ti wọlé, bó ṣe rí mi báyìí ló tu ú dànù.

Tí ò bá ṣì jẹ ẹ́, ó lè jẹ́ pé alángbá ni irú ẹ̀ ń jẹ nígbó, kò mọ̀ pé oúnjẹ ni eku. Ẹ fọ eku náà kí òórùn ẹ̀ lọ, ẹ wá fi òkú alángbá tó ti pẹ́ nínú firísà pa á lára, pàápàá lórí. Tíyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ la orí eku díẹ̀ kí ọpọlọ ẹ̀ hàn. Ó ń kóni nírìíra, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣiṣẹ́.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n gíráàmù. Tí ò bá fọn, kò sí wàhálà. Tí egungun ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti ń yọ, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran, ẹ má fọwọ́ ara yín ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Tó bá wá jẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ 2. Tó bá bì í, ẹ jẹ́ kó tó ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó fún un ní òmíràn, èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.