Bí mo ṣe gba àwọn ewúrẹ́ mi lọ́wọ́ aràn

Ọjọ́ tí mo rí i pé abẹ́ àgbọ̀n ewúrẹ́ mi kan wú, mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ló ta á. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bí ọ̀rá tí wọ́n rọ omi sí, kò sì ké. Kò ṣu gbuuru o, ó ṣì ń jẹun díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tí àwọn yòókù bá ń lọ, ẹ̀yìn ló máa wà, á rìn díẹ̀ á dùbúlẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tíì pé oṣù méjì tí mo fún gbogbo wọn lóògùn aràn.

Dókítà ẹranko tí mo pè ò tiẹ̀ pẹ́ lórí ibi tó wú yẹn, ojú ewúrẹ́ ni wọ́n lọ. Wọ́n fi àtàǹpàkò kan pa ìpéǹpéjú òkè dé, wọ́n fi èkejì fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ní kí n wo inú ẹ̀. Funfun báláú bíi bébà! Ibẹ̀ ló sì yẹ kó pọ́n. Wọ́n ní aràn kan tí wọ́n ń pè ní Haemonchus ló wà nínú ikùn ẹ̀ tó ń mu ẹ̀jẹ̀, abo ẹ̀ kan lè yé ẹyin tó ju 5,000 lọ lójúmọ́, ẹyin yẹn á bá ìgbẹ́ jáde, á pa, ọmọ aràn á gun koríko tó tutù, ewúrẹ́ á tún lọ jẹ ẹ́.

Kí ló wá dé tí oògùn mi ò ṣiṣẹ́? Èmi ni mo fà á. Ojú lásán ni mo fi ń wọn oògùn, iye kan náà ni mò ń fún ìyá àti ọmọ, mo sì ń ṣe é fún gbogbo agbo lẹ́ẹ̀kan náà, látọdúnmọ́dún, oògùn kan náà. Tí oògùn ò bá tó, àwọn aràn tí ò lágbára ló máa kú, àwọn tó le á ṣẹ́kù, àwọn yẹn ni wọ́n á wá máa yé ẹyin. Ẹ tún wò ó, ara ewúrẹ́ máa ń yára lo oògùn tán ju ti àgùntàn lọ, nítorí náà iye tí wọ́n kọ sára ìgò fún àgùntàn kì í sábàá tó ewúrẹ́, dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ iye tó yẹ.

Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé wọn sórí òṣùwọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A wá fi káàdì FAMACHA, tí wọ́n ṣe ní South Africa, yẹ ojú gbogbo wọn wò nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Àwọ̀ 5 ló wà lára ẹ̀, 1 pọ́n dáadáa, 5 funfun pátápátá. Àwọn tó wà ní 4 àti 5 nìkan la fún ní oògùn aràn kan tí wọ́n ń pè ní levamisole, a sì fi àwọn tójú wọn pọ́n sílẹ̀, kí aràn tí oògùn ṣì lè pa má bàa tán nílẹ̀, kó má di pé àwọn tó le nìkan ló ń yé ẹyin. Levamisole ò gba ṣíṣe bó ṣe wù wá o, tó bá ti pọ̀ jù ó lè pa ẹran. Mo ki síríńjì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, mo tì í dé ẹ̀yìn ahọ́n, mo rọra tẹ̀ ẹ́, mi ò gbé orí ẹ̀ sókè jù kó má bàa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ká tó fún wọn lóògùn, a ti gba ìgbẹ́ lára wọn fún àyẹ̀wò maikirosíkóòpù, a sì tún gbà á lọ́jọ́ kẹwàá. Ẹyin aràn tó wà nínú gíráàmù kan ìgbẹ́ ewúrẹ́ àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ 3,400, ó wálẹ̀ di 100. Inú mi dùn gan-an, torí tí ò bá ti dínkù tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún, aràn ti mọ oògùn yẹn nìyẹn.

Ajá mi bímọ lásìkò náà, mo sì fẹ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀ lára oògùn ewúrẹ́ tó ṣẹ́kù, dókítà ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Pyrantel ni wọ́n fún wọn, láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bí wọn, lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, pẹ̀lú ìyá wọn. Inú ìyá ni ọmọ ajá ti ń kó aràn, ó sì lè ran ọmọdé tó ń fi ilẹ̀ ṣeré, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó ìgbẹ́ wọn lójoojúmọ́.

Mi ò tú ewúrẹ́ síta mọ́ kí ìrì tó gbẹ, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n jẹ koríko dé ìdí, torí ìsàlẹ̀ níbẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀, lọmọ aràn pọ̀ sí jù. Mo gbé oúnjẹ wọn kúrò nílẹ̀. Lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń ṣí ojú wọn wò, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n rí ọ̀kan tó ti gba oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin nígbà tí àwọn yòókù ò nílò ẹ̀ rárá. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kó gùn mọ́, mi ò fẹ́ kó bí irú ara ẹ̀ sínú agbo.