Ẹ Yé Kọ́ Ilé Tó Ń Kó Ooru Jọ sí Kétu: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ó ti sú mi. Gbogbo ẹni tó bá ra ilẹ̀ ní Kétu yìí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ń na àwòrán ilé kan lórí fóònù sí mi: "Ọ̀gá, irú èyí ni ẹ bá mi kọ́." Ilé Faransé ni, gíláàsì láti ilẹ̀ dé àjà. Ilé tí wọ́n dìídì ṣe kó máa kó ooru jọ ni! Lọ́hùn-ún, oòrùn kì í ga nígbà òtútù, gúúsù ló ti ń wọlé wá. Félix Trombe, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Faransé, gbé gíláàsì síwájú ògiri dúdú ní Odeillo, ìlú kan ní Faransé, ní 1967, kí ògiri náà mu ooru lọ́sàn-án, kó tú u sílẹ̀ lóru. Ọgbọ́n gidi ni, fún ẹni tí òtútù ń pa.

Àkọ́kọ́, ẹ má kọjú gíláàsì sí ìwọ̀-oòrùn. Etí òrùlé lè dí oòrùn ọ̀sán, torí òkè ló wà. Ti ìrọ̀lẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀, ojú ilé ló ń wò tààrà. Ìmọ́lẹ̀ á gba gíláàsì wọlé, á di ooru lára ilẹ̀ àti àga, ooru ọ̀hún ò sì ní rọ́nà jáde. Ọkùnrin kan tó ń fowó ránṣẹ́ láti Paris ní dandan, pálọ̀ òun gbọ́dọ̀ kọjú sí títì. Ìwọ̀-oòrùn ni títì wà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi igi ya ọ̀nà oòrùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn ò gbà. Nígbà tó dé lóṣù Ẹrẹ́nà, bí aago mẹ́ta bá ti lù, kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ amúlétutù méjì, kò ràn án. Ó wá fi kọ́tìnì tó nípọn bo gbogbo gíláàsì. Owó yẹn ì bá kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ilé náà ká! Ó máa ń dùn mí tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ìkejì, páánù láìsí àjà. Rárá.

Ìkẹta, fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Atẹ́gùn tó wọlé gbọ́dọ̀ rí ibi jáde.

Yàrá ìsùn ní ìwọ̀-oòrùn ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù á mu ooru ìrọ̀lẹ́, á máa tú u lé yín lórí lóru. Ògiri Trombe lẹ kọ́ yẹn láìmọ̀. Ilé ìdáná àti ibi ìkẹ́rùsí ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Àwọn kan tún gbà pé àríwá kì í rí oòrùn. Ti Faransé nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, gúúsù loòrùn ọ̀sán ń gbà lásìkò ọyẹ́, àmọ́ láti oṣù Igbe títí dé ìparí Ògún, àríwá ló wà. Ó ga nígbà méjèèjì, nítorí náà ẹ kọjú ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn sí àríwá àti gúúsù, kí etí òrùlé yọ síta dáadáa. Ẹ lọ wo fèrèsé onípákó lára ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ó ń dí oòrùn, ó ń gba atẹ́gùn.

Ẹni tó ti kọ́ tirẹ̀ tán, kó gbin igi sí ìwọ̀-oòrùn, kó má sì sún mọ́ ìpìlẹ̀ jù.