Páàsì tréènì olóṣooṣù: ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Abuja níbí múra àtijápa lọ London, Toronto, New York tàbí Jámánì, tọ́rọ̀ bá ti kan ká máa wọ tréènì abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, nǹkan tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti wà lọ́hùn-ún ni "tó o bá ti dé, sáré ra páàsì oṣù, owó ẹ máa dín kù". Ẹ má sáré o. Páàsì oṣù pé àwọn kan gan-an, ó sì ń jẹ owó àwọn míì ní àjẹgbé, àwọn méjì tó jọ ń gbé yàrá kan náà gan-an lè wà tó jẹ́ pé ó pé ọ̀kan, kò pé ìkejì.

Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá. Ẹ mú owó páàsì, ẹ fi owó ìrìn ẹ̀ẹ̀kan pín in, iye tó bá jáde niye ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lóṣù kí páàsì yẹn tó gba owó ẹ̀ padà fún yín. Ẹ jẹ́ ká fi Toronto bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, páàsì oṣù àgbàlagbà lórí TTC, ìyẹn iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì àti tréènì ìgboro ibẹ̀, jẹ́ $156 owó Kánádà, ìrìn kan tẹ́ ẹ bá fi káàdì Presto san án jẹ́ $3.30. Tẹ́ ẹ bá pín in, ó lé díẹ̀ ní 47, ìyẹn ni pé ìgbà tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejìdínláàádọ́ta lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Ẹni tó bá sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 lóṣù, àlọ àtàbọ̀, 44 péré ló rìn, kò tíì débẹ̀, àfi tó bá tún ń jáde ní wíkẹ́ǹdì, tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tó ń lọ kí àwọn ará ilé ní òpin ìlú.

Ọjọ́ iṣẹ́ lẹ máa kà o, ẹ má ka ọjọ́ tó wà nínú oṣù. Tí ibi iṣẹ́ yín bá ní kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ nílé ní Monday àti Friday, ọjọ́ 22 yẹn ti di bíi 13, páàsì ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Toronto tún ní èyí tọ́pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ọn: tẹ́ ẹ bá ti táàpù káàdì lẹ́ẹ̀kan, wákàtí méjì gbáko lẹ fi lè wọ bọ́ọ̀sì tàbí tréènì TTC tó bá wù yín, kẹ́ ẹ tiẹ̀ yí padà sílé pàápàá, owó kan náà ni. Ẹni tó sáré lọ ra gàrí àti iṣu ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa tó sì padà kí wákàtí méjì tó pé, ìrìn kan ló rìn, ẹ má kà á sí méjì kẹ́ ẹ wá máa rò pé ẹ ti dé 48.

London ló ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Ní 2025, Travelcard olóṣù kan, ìyẹn páàsì tiwọn, fún Zone 1 àti 2 (àárín ìlú àti àdúgbò tó yí i ká) jẹ́ £171.70. Ìrìn kan lórí Tube, tréènì abẹ́ ilẹ̀ wọn, láàárín Zone 1 àti 2 lásìkò térò pọ̀, ìyẹn aago 6:30 sí 9:30 láàárọ̀ àti 4 sí 7 nírọ̀lẹ́, láti Monday dé Friday, jẹ́ £3.50. Ẹni tó bá lọ tó bọ̀ lọ́jọ́ 22, £154 ló máa ná. Ẹni tí ò ra nǹkan kan rárá, tó kàn ń gbé káàdì báńkì ẹ̀ lé ẹ̀rọ aláwọ̀ yẹ́lò tó wà lẹ́nu géètì, ti fi owó tó lé ní £17 sílẹ̀ lápò nígbà tí ẹnì kejì ẹ̀ tó ra páàsì ń yangàn pé òun mọ ọgbọ́n ìlú.

Nǹkan tó fà á ni pé London ti ní gbèdéke lórí owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín. Lọ́dún 2025 yẹn náà, fún Zone 1 àti 2, wọn ò ní gbà ju £8.90 lọ lójúmọ́, láti Monday dé Sunday wọn ò sì ní gbà ju £44.70 lọ, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo nǹkan yìí: £8.90 lọ́nà márùn-ún jẹ́ £44.50. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ń wọ tréènì bí ẹni tí ò nílé láti Monday dé Friday, ẹ ò tíì kan gbèdéke ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Torí ẹ̀, ẹni tí páàsì oṣù máa pé ní London ni ẹni tó ń rìn gidi lójoojúmọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Saturday, tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday, tó jẹ́ pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í kan £44.70 yẹn. Owó ọ̀sẹ̀ 3.84 ni wọ́n fi ń ṣírò páàsì oṣù, oṣù kan sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ibẹ̀ ni èrè ẹ̀ ti ń wá. Ti ọdún kan tún dín ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó ọ̀sẹ̀ 40 ni wọ́n ń gbà fún odindi ọdún, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ò tíì mọ̀ bóyá òun ò ní kó lọ Manchester lóṣù tó ń bọ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Àwọn stúdẹ́ńtì ni tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Tí yunifásítì yín bá wà lára àwọn tí TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ìgboro London, fọwọ́ sí, ẹ gba káàdì 18+ Student Oyster, ó máa dín Travelcard kù ní 30%. Ẹ̀dínwó yẹn ò kan ẹni tó ń sanwó ní ìrìn kan ìrìn kan o, orí Travelcard nìkan ló wà àti páàsì bọ́ọ̀sì. £171.70 á wá di bíi £120, ìrìn 35 ti gbà á padà. Tí kíláàsì yín bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ rà á lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, tẹ́ ẹ sì ń ṣe assignment nílé lọ́jọ́ yòókù, ẹ fi sílẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ care tí wọ́n máa ń jáde ní ìdájí, bọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ wò. £1.75 ló jẹ́ ní 2025, tẹ́ ẹ bá sì já bọ́ sínú òmíì láàárín wákàtí kan, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ sí i.

Ohun tó máa ń jẹ owó èèyàn láìmọ̀ rèé: káàdì kan náà lẹ gbọ́dọ̀ máa lò láti àárọ̀ dalẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi fóònù táàpù wọlé, tẹ́ ẹ wá fi káàdì tó wà nínú pọ́ọ̀sì jáde, ì báà jẹ́ àkáǹtì kan náà, èèyàn méjì tí kò mọra wọn ni ẹ̀rọ rí, á gbé owó tó ga jù ka àwọn méjèèjì lórí. Lórí Tube, ẹ rántí táàpù jáde.

New York ti pa páàsì ọgbọ̀n ọjọ́ tì pátápátá. $132 ló jẹ́ kí wọ́n tó dá títà MetroCard dúró ní ìparí 2025, láti January 2026 ìrìn kan di $3, tẹ́ ẹ bá sì ti ná $35 láàárín ọjọ́ méje, èyí tó kù lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Tí ẹ̀gbọ́n yín kan bá ṣì ń sọ pé kẹ́ ẹ ra ti oṣù kan níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó wọ sọ́bùwéè gbẹ̀yìn.

Jámánì ni mo lè ní kẹ́ ẹ ra páàsì láìronú púpọ̀. Deutschlandticket, €63 lóṣù láti January 2026, gbogbo bọ́ọ̀sì àti tréènì ìgboro ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ló ń gbé yín, àwọn tréènì tó ń sáré bí ICE nìkan ni kò kàn. Àmọ́ kì í tán fúnra ẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n á máa yọ owó, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a dúró ẹ gbọ́dọ̀ ti sọ fún wọn, ó pẹ́ jù, lọ́jọ́ kẹwàá oṣù tẹ́ ẹ fẹ́ fi parí ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa san ti oṣù tó ń bọ̀ náà.

Àwa tá a ṣì wà ní Abuja ńkọ́? Tréènì tiwa ò gba abẹ́ ilẹ̀, Buhari ló ṣí i ní July 2018, ó dúró nígbà kòrónà, Tinubu tún un ṣí ní May 2024. Láti Central Area ló ti ń lọ, ó ń gba Stadium, Kukwaba àti Idu títí dé eapọ́ọ̀tù. Tí ilé yín bá jìnnà sí stéṣàn, owó Keke tẹ́ ẹ máa fi dé ilé wà nínú ìṣirò yẹn o.

Fún ọ̀pọ̀ wa tó wà ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Mararaba, dírẹ́bà là ń bá ṣe páàsì oṣù: èèyàn mẹ́rin á kó ara wọn jọ, wọ́n á máa sanwó oṣù fún oní-mọ́tò kan táá máa gbé wọn lọ sí Secretariat táá sì gbé wọn bọ̀. Ìṣirò yẹn náà ni. Ẹ ka iye tẹ́ ẹ ń fún àwọn along, ìyẹn àwọn mọ́tò tó ń gbé èrò lójú ọ̀nà, lálọ àti lábọ̀, tó fi mọ́ ti mọ́tò kejì láti Berger tàbí AYA, ẹ wá yọ ọjọ́ Sallah, Easter àti May Day kúrò kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di oṣù. Bó bá tiẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju along lọ, ẹni tó ń délé lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, èmi máa ní kó san án, torí owó tí one-chance ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kì í ṣe owó mọ́tò. Àmọ́ ẹ má san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ san ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìdajì tó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ sì ti bá a sọ ọ́ ṣáájú pé lọ́jọ́ tí mọ́tò bá bàjẹ́, òun ló máa yọ owó along yín kúrò nínú ìdajì tó kù.