Bí A Ṣe Ń Lọ́ Òdòdó Àyíká Ilé Láìjẹ́ Kó Kú: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Òṣogbo

Àìsí ajílẹ̀ kọ́ ló sábà ń pa òdòdó tí a ṣí nípò. Òùngbẹ ni. Bí ṣọ́bìrì bá ti wọlẹ̀, àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa omi á já sínú ilẹ̀, ewé orí kò sì dín ẹyọ kan. Gbogbo wọn á máa bèèrè omi lọ́wọ́ ìwọ̀nba gbòǹgbò tó kù.

Láti oṣù Karùn-ún, tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, títí dé ìparí oṣù Keje ló dára jù láti lọ́ òdòdó. Oṣù Kẹsàn-án náà dára, lẹ́yìn tí òjò bá ti sinmi tán nínú oṣù Kẹjọ. Ẹ má jẹ́ kó wọ àárín oṣù Kẹwàá, nítorí igi gbọ́dọ̀ ti fìdí múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta ń tan ènìyàn jẹ. Ó lè rọ̀ lónìí kí ó má tún rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ixora àti hibiscus (ixora, igi kékeré tí òdòdó rẹ̀ máa ń ṣù pọ̀; hibiscus, ìbátan ilá àti ìṣápá ni)

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ fi ṣọ́bìrì mímú gún ilẹ̀ yí igi náà ká, kí ẹ sì fi igi náà sílẹ̀ níbẹ̀. Gbòǹgbò tuntun á hù nínú agbo tí ẹ fà. Bí ìdí igi bá nípọn tó ínǹṣì 1, kí agbo náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1 láti etí dé etí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, ẹ bomi rin ín dáadáa kí yẹ̀pẹ̀ lè di mọ́ gbòǹgbò. Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀ka rẹ̀ dànù, pẹ̀lú gbogbo òdòdó àti ìrudi. Ó máa ń dun ènìyàn láti gé òdòdó tó rẹwà, ṣùgbọ́n òun ló ń mu omi tí igi nílò.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wú u. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ gbé e, ẹ má fa ọrùn igi, kí ẹ sì fi àpò tútù wé e. Kí ihò tuntun ti wà nílẹ̀: kó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, àmọ́ kó má jìn jù ú lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ da báákẹ́ẹ̀tì omi kan sínú rẹ̀. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ kọ ebè kí ẹ gbìn ín sórí rẹ̀.

Ilẹ̀ pupa líle tó pọ̀ lágbègbè wa ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, tí ẹ wá kó ajílẹ̀ dúdú nìkan kún un, ihò náà á di ìkòkò: omi á wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, gbòǹgbò á sì jẹrà. Yẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde náà ni kí ẹ dá padà, páànù mẹ́ta rẹ̀ sí páànù kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta. Ìgbẹ́ tútù ń jó gbòǹgbò.

Ẹ bu omi lítà 10 sí i lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà lítà 5 lójoojúmọ́ tí òjò kò bá rọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Koríko gbígbẹ dára láti fi bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìdí igi ní ìka mẹ́rin, nítorí ikán. Ajílẹ̀ òyìnbó kò gbọ́dọ̀ kan án títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á fi pé.

Bougainvillea (òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń fà mọ́ ògiri). Gbòǹgbò rẹ̀ rọrùn láti já, kì í sì í di yẹ̀pẹ̀ mú. Ẹ má gbọn yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ má tú u. Bí inú ọ̀rá dúdú ló bá wà, inú ihò ni kí ẹ ti fi abẹ ya ọ̀rá náà kúrò.

Ìdò (canna) kò ní wàhálà. Ẹ gé iṣu rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ rì í sílẹ̀ ní ínǹṣì 3. Ibi tó lómi, bíi pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí odò Ọ̀ṣun, gan-an ló fẹ́.

Àwọn kan ń bèèrè peony, òdòdó ńlá tí wọ́n ń rí lórí fóònù. Ilẹ̀ olótùútù ni tirẹ̀. Ó nílò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ òtútù tó dà bí ti inú fìríìjì kí ó tó lè tanná, ọyẹ́ wa kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fowó ṣòfò lé e. Lọ́hùn-ún, bí ojú ìhù rẹ̀ bá wọlẹ̀ ju ínǹṣì 2 lọ, ewé nìkan ni yóò máa yọ. Rírì jìn ń ba tiwa náà jẹ́, èèpo ìdí igi ló máa ń jẹrà. Ibi tí ilẹ̀ dé lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó dé.

Bí nǹkan bá yíwọ́

Bí ewé bá rọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, ẹ má fi omi kún omi. Gbòǹgbò ti ń jẹrà, ẹ la ọ̀nà fún omi náà kó ṣàn lọ. Bí ewé ixora bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí iṣan rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, ẹ wo ilẹ̀ ìdí ògiri. Àkúfọ́ sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà rì sílẹ̀ kì í jẹ́ kó rí èròjà irin inú ilẹ̀ fà mu. Ẹ hú u kúrò, tàbí kí ẹ sún ixora jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3.

Bí gbogbo ewé bá sì rẹ̀, ẹ má tíì wú igi náà. Ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó ní àwọ̀ ewé, ó ṣì wà láàyè. Bí ó bá gbẹ, ẹ máa họ ọ́ bọ̀ wá sísàlẹ̀, kí ẹ gé e kù síbi tí ẹ ti rí tútù. Bí ẹ bá họ ọ́ dé ìdí tí gbígbẹ nìkan ni ẹ rí, ẹ hú u.