Yúrò 126 fún nǹkan yúrò 36: èmi àti Mọ́mì ní Róòmù

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti owó kára tó rọ̀ mí. Tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, pápá ìran ńlá ayé àtijọ́ tó wà ní Róòmù, yúrò 18 ni fún àgbàlagbà kan, àwa méjì, 36. Yúrò 126 ló jáde lápò mi. 90 kọ́kọ́ lọ sọ́wọ́ àwọn kan tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tún tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 36 tún wá tẹ̀ lé e nígbà tí tiwọn ò wọlé. Títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, wọn ò tíì dá kọ́bọ̀ padà.

Ti físà àti ọkọ̀ òfúrufú, mi ò ní fi dá yín dúró, ẹni tó bá ti bá ìyá ẹ̀ lé físà Schengen rí mọ ohun tójú ń rí. Mọ́mì wá kí mi ní London, wọ́n ní àwọn ò ní padà sí Ìbàdàn láì rí Róòmù tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Wẹ́bùsáìtì tí àwọn tó ni Colosseum fúnra wọn fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wà, ticketing.colosseo.it, àmọ́ tí ẹ bá débẹ̀ fún wákàtí àárọ̀, ó ti tán. Kí ló dé tó fi máa ń tán? Torí àwọn ọlọ́jà dúdú yìí náà ni, wọ́n á kó o, wọ́n á tún un tà. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣòfin ní 2023 pé orúkọ ẹni tó máa wọlé gbọ́dọ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì bá páásípọ́ọ̀tù ẹ̀ mu. Òfin dáadáa ni. Àwọn tó ta tèmi mọ òfin yẹn dunjú, síbẹ̀ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù wọn bèèrè, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé a ò ní tò rárá, pé ajẹ́ǹtì wọn máa dúró dè wá pẹ̀lú àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arch of Constantine, ẹnu ọ̀nà òkúta àtijọ́ tó wà nítòsí Colosseum.

Aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀, a bọ́ sílẹ̀ nínú métírò ní Colosseo, yúrò kan àbọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń jáde báyìí ni ilé yẹn máa yọ sí yín gbàgẹ̀dẹ̀, Mọ́mì kàn fọwọ́ bo ẹnu. Inú mi dùn débi pé mo ń ya fọ́tò wọn bí ẹni tí wọ́n háyà.

Ajẹ́ǹtì dà? Kò sí àsíá, kò sí ènìyàn. A dúró, a dúró, mẹ́sẹ́èjì wá wọlé pé ká kàn fi PDF wọlé ní géètì. Ó dáa. A lọ tò, torí kò sẹ́ni tí kì í tò níbẹ̀ o, sìkiọ́ríti máa yẹ báàgì gbogbo ayé wò, ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ ò ní tò, irọ́ ló ń pa. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì fi bírò tọ́ka sí orúkọ mi lórí tàkọ́kọ́, ó fi tọ́ka sí orúkọ mi lórí ìkejì, ó wá ṣí páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé Mọ́mì, ó mirí.

"Kí lọmọ yìí ń wí?"

"Ó ní orúkọ yín ò sí níbẹ̀ mà."

"Ṣé orúkọ bàbá yín kọ́ lèmi náà ń jẹ́ ni? Sọ fún un pé èmi ni mo bí ẹ."

Mo sọ fún un. Ó ní ó dáa, àmọ́ orúkọ àkọ́kọ́ lòun ń wò. Mọ́mì ń fìka tẹ súnéèmù nínú páásípọ́ọ̀tù, ọmọ yẹn ń fi bírò tẹ orúkọ àkọ́kọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ti ń mí hẹ̀ẹ̀. Ó ní kí èmi wọlé kí Mọ́mì dúró síta. Èmi? Kí n fi ìyá mi sójú oòrùn ní ìlú onílùú kí n lọ máa wo òkúta? A bọ́ kúrò lórí ìlà.

Mo pe àwọn tó tà á, ẹ̀rọ ló ń dáhùn. Mo kọ WhatsApp, àmì méjèèjì di búlúù, ẹnikẹ́ni ò fèsì, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù, torí ó ti kà á. Ọ̀gbẹ́ni aláàsíá wá yọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àbọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àkókò tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì wa ti kọjá, ká lọ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì. Mo sọ Gẹ̀ẹ́sì tán, mo bọ́ sí Yorùbá. Mọ́mì ní "ó tó, a ò wá jà." Ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ò jìnnà, lókè ibùdó métírò, a tò síbẹ̀ náà, wọ́n fún wa ní ti ọ̀sán, orúkọ kálukú lórí tiẹ̀, yúrò 36. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló gbà lẹ́yìn tó kàn wá!

Kí ọ̀sán tó pé, a wọ Forum, àwókù àárín ìlú Róòmù àtijọ́ tó wà nítòsí ibẹ̀, torí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló gbé e. Kí n sòótọ́, ibẹ̀ ni ọjọ́ yẹn ti dùn jù fún wa. Arch of Titus, ẹnu ọ̀nà òkúta mìíràn, wà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ àwọn ọmọ ogun sí inú rẹ̀ tí wọ́n ru ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje inú Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù bọ̀ láti ojú ogun ọdún 70. Mọ́mì tó ń kọ́ni ní Sunday School láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, wọ́n tún ṣàlàyé fún tọkọtaya kan tí a ò mọ̀ rí. Titus yìí kan náà, olú ọba Róòmù, ló ṣí Colosseum ní ọdún 80, bàbá ẹ̀, Vespasian, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ o, òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀.

Nígbà tí a wá wọ Colosseum, mo rí i pé nọ́ńbà Róòmù ṣì wà lórí àwọn ẹnu ọ̀nà kan níta. Ọgọ́rin ẹnu ọ̀nà ló ní láyé ìjọ́un, nọ́ńbà yẹn lèèyàn ń wò tó fi ń mọ ibi tó máa gbà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti wó nínú ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1349, wọ́n sì kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́lé mìíràn káàkiri ìlú. Wọ́n ní ká wọ lífítì, Mọ́mì kọ̀, wọ́n fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn dókè, orúnkún tí wọ́n ń ráhùn lé lórí láti Ìbàdàn o.

Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì, yúrò 5 la san, kò sí yánpọnyánrin. Ihò ńlá wà láàárín òrùlé rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 9, Mọ́mì ní òjò ńkọ́? Ó ń rọ̀ wọlé ni, ihò wẹ́wẹ́ wà nílẹ̀ tó ń fa omi. Ẹ mu omi ẹ̀rọ ìgboro wọn, ọ̀fẹ́ ni, ó tutù, ẹ má jókòó mu kọfí nítòsí Pantheon, ìdúró ni kẹ́ ẹ mu ún, owó rẹ̀ kéré gan-an síyẹn.

Ìsun omi Trevi, èrò pọ̀, a ya fọ́tò, a lọ. Ní Spanish Steps, àtẹ̀gùn òkúta ńlá kan nígboro, bí Mọ́mì ṣe ní káwọn fìdí lé àtẹ̀gùn báyìí ni ọlọ́pàá fọn fèrè. Láti 2019 ni wọ́n ti kà á léèwọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó yúrò 400, mo fà wọ́n dìde wàrà wàrà.

St. Peter's, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Vatican, di ọjọ́ kejì. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ìyẹn, àmọ́ tí ẹ ò bá bo èjìká àti orúnkún, wọ́n máa dá yín padà. Mọ́mì ti lọ ìró àti bùbá wọn sílẹ̀ látalẹ́.